Apá Ilé Tí Ìyá Wa Sùn Sí

Òórùn kọfí ló máa ń jí mi nígbà tí àbúrò mi bá ti Àbíjáàn dé. Ilé wa wà lójú ọ̀nà tó jáde sí Masífà, ní Ẹ̀jìgbò, àwọn obìnrin kan sì ń ṣe gàrí ní ẹ̀yìnkùlé wa, nítorí náà òórùn ẹ̀gẹ́ kíkan ni a fi ń sùn, òun náà ni a fi ń jí. Ó ti mọ́ wa lára débi pé a kì í gbọ́ ọ mọ́. Àmọ́ bí Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, tí àbúrò mi sì ti sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀, òórùn mìíràn á gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé ní ìdájí, òórùn nǹkan tó jó díẹ̀ tó sì dùn díẹ̀. Káfé ni òun ń pè é. Á sè é nínú kẹ́tùlù kékeré kan tó gbé bọ̀ láti ọ̀hún, á da mílíìkì inú agolo sí i, á wá bu ife àkọ́kọ́ fún ìyá wa.

Ìyá tó jẹ́ pé bí èmi bá po tíì fún wọn, wọ́n á ní ó ń ru àwọn nínú. Wọ́n á tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gbé e fún ọmọ tó bá wà nítòsí. Ṣùgbọ́n káfé ọmọkùnrin wọn, wọ́n á mu ún dé ìsàlẹ̀ ife, wọ́n á tún fi búrẹ́dì nu ìdí rẹ̀. Èmi á wà lórí ibùsùn mi ní òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀, n óò máa gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì, inú á sì máa ru èmi náà láìmu ohunkóhun.

Ìwọ tí a jọ dàgbà mọ̀ pé n kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Mo jowú àbúrò mi. Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí wa, kò sí ẹnikẹ́ni láàárín wa, síbẹ̀ mo jowú rẹ̀ bí ìyálé ti ń jowú ìyàwó. Ohun tó tún mú un burú ni pé kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ọmọlúàbí ni. Bí ó bá dé, á dọ̀bálẹ̀ fún mi gbalaja, á pè mí ní Àǹtí mi, á kó àǹkárá tó dára jù lọ́jà wọn lé mi lọ́wọ́. Ó rọrùn láti jowú ẹni tó ń gbéra ga. Èyí tó ń dọ̀bálẹ̀ fún ọ ni kì í jẹ́ kí o mọ ibi tí o máa gbé owú náà sí.

Àwa méjèèjì la jọ kọ́ ilé yẹn. Ọkọ mi ti kú, mo ti kó àwọn ọmọ mi kúrò ní agbo ilé ọkọ, mo ń ta aṣọ ní ọjà, mo sì ń wá ibi tí n óò forí pamọ́ sí. Òun náà ń wá ibi tí yóò máa dé sí bí ó bá wálé. A ra ilẹ̀ méjì tó fara kanra, ìwé ọ̀kan lórúkọ mi, ìwé ìkejì lórúkọ rẹ̀, a wá gbé ilé kan ṣoṣo lé méjèèjì lórí: yàrá mẹ́rin lápá tèmi, yàrá mẹ́rin lápá tirẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàárín. Òun ń fi owó rán àwọn awakọ̀ sí mi, èmi ń kó èrè aṣọ mi sí i. Èmi ni mo dúró ti àwọn bíríkìlà nínú oòrùn. Èmi ni mo ń bá onítípà jà nítorí yanrìn tí kò kún. Nígbà tí a kan òrùlé tán, kí ni àwọn ará àdúgbò pe ilé náà? Ilé Ará Àbíjáàn. Àwọn oníbàárà mi pàápàá, bí wọ́n bá ń júwe ibi tí mo ń gbé, ilé Ará Àbíjáàn ni wọ́n ń wí.

Apá tèmi ni ìyá wa ń gbé. Èmi ni mo ń gbé oúnjẹ fún wọn, èmi ni mo ń gbé wọn lọ sí ọsibítù nígbà tí ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbé ẹsẹ̀ náà lé itan mi, mo ń fi òrí pa á, mo rò pé wọ́n ti sùn lọ. Wọ́n kàn lajú, wọ́n ní, "Bí mo bá kú, iwájú yàrá àbúrò rẹ ni kí ẹ sin mí sí. Bí ó bá ti ìrìn àjò dé, kí ó jẹ́ èmi ni yóò kọ́kọ́ rí."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo ń pa òrí náà lọ. Ẹni tó di ẹsẹ̀ wọn mú kọ́ ni wọ́n fẹ́ sùn sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọlọ́jọ́ dé, mo ṣe bí wọ́n ti wí, ọjọ́ náà gan-an la sì sin wọ́n, bí àwa mùsùlùmí ti ń ṣe. Àbúrò mi kò bá a. Àdúrà ọjọ́ kẹjọ ló bá. Ó fi táìlì funfun tẹ́ orí sàárè náà, ó ṣe é dáadáa débi pé àwọn tó ń kọjá máa ń yà wò ó. Wọ́n ń yìn ín pé ọmọ tó mọyì ìyá ni. Èmi náà wà níbẹ̀, mo ń pín sàárà fún àwọn tó ń yìn ín.

Ó tó ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ kí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn Iléyá ọdún kan, àbúrò mi wọ yàrá mi, ó jókòó sórí àpótí, ó ní òun fẹ́ ta apá tòun nínú ilé. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù tí òun ti ń tajà ní Àbíjáàn fẹ́ tà á, bí òun kò bá sì rà á, ẹlòmíràn yóò rà á, yóò lé òun síta tọjàtọjà. Ó ní èmi ni òun kọ́kọ́ fi lọ̀. Ó fún mi di Iléyá tó ń bọ̀. Bí n kò bá rí i ṣe, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ wà lọ́hùn-ún ti ṣetán láti gbà á.

Mo bi í pé èló ló fẹ́ gbà. Ó mirí.

"Ọmọ ìyá kì í dúnàádúrà láàárín ara wọn, Àǹtí mi. Ẹ jẹ́ kí àjèjì tó mọ̀ ọ́n dá owó lé e. Ohun tó bá ní ó tó ni màá gbà."

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe owó. Mo rí ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà, obìnrin tí n kò rí rí, tó ń sá aṣọ ọmọ sórí táìlì ìyá mi. Owú ló tẹ̀ lé e. Ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ sùn síbẹ̀ ló fẹ́ ta ibẹ̀, èmi tí wọn kò kà sí ni yóò lọ jẹ gbèsè kí ibẹ̀ má baà bọ́ sọ́wọ́ àjèjì. Òun yóò lọ di onílé ìtajà ní ìlú ńlá, èmi yóò máa ka owó lé báńkì lọ́wọ́ títí eyín mi yóò fi kán. Mo ní kò burú, n óò rà á. Ó ní, "Dákọ́ọ̀," bí wọ́n ti ń sọ pé ó dára lọ́hùn-ún, ó sì tún dọ̀bálẹ̀.

Báńkì tí mo ń kó owó aṣọ sí wà ní Òṣogbo. Wọ́n ní àwọn lè yá mi lówó tí n óò máa san díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn yóò di ìwé ilé mú títí n óò fi san án tán, àwọn yóò sì kọ́kọ́ rán ẹnìkan wá díyelé ilé náà. Ààfáà àdúgbò wa gbọ́ pé èlé wà lórí owó náà, wọ́n fajú ro, wọ́n ní kí n bẹ̀rù Ọlọ́run. Mo ní mo bẹ̀rù Rẹ̀, àmọ́ bí wọ́n bá mọ ẹni tó lè yá mi láìsí èlé, kí wọ́n júwe ilé rẹ̀ fún mi. Wọ́n ní kí n yára san án.

Ìdíyelé yìí ló wá gba oorun lójú mi. Iye tí ọkùnrin báńkì bá dá lé ilé ni wọn yóò wò kí wọ́n tó mọ iye tí wọn yóò yá mi, iye kan náà ni àbúrò mi yóò sì fi gba tirẹ̀. Bí ó bá ga, àbúrò mi yóò béèrè ohun tí n kò lè san láyé. Bí ó bá kéré, báńkì kò ní yá mi tó. Mo dà bí àgbẹ̀ tó sá ẹ̀gẹ́ sórí àpáta lọ́jọ́ tó gbin àgbàdo, tí kò mọ̀ bóyá òjò ni kí òun tọrọ tàbí oòrùn. Bí mo bá kírun tán, tí mo tẹ́wọ́, n kì í mọ ohun tí n óò wí. Mo kàn ń sọ pé, Ọlọ́run, Ìwọ mọ iye náà.

Ọkùnrin náà dé ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó wọ ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ tó le gan-an, ó gbé ìwé àti téèpù dání. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti kọ́kọ́ yọjú wo ilé méjì mẹ́ta ní àdúgbò láti fi wọ́n wé tiwa, ó ń wo gọ́tà, ó ń wo òrùlé. Àwọn ènìyàn wa rò pé wolé-wolé ni. O mọ bí wọ́n ti ń bẹ̀rù wolé-wolé sí nígbà yẹn. Ìró ìgbálẹ̀ ló kọ́kọ́ ta mí lólobó. Àwọn obìnrin ẹlẹ́gàárì ń da omi ẹ̀gẹ́ nù, wọ́n ń bo àmù, wọ́n ń kó èèpo sínú àpò, ẹnìkan sì ti ti ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́ inú yàrá. Nígbà tí ọkùnrin náà fi dé ẹ̀yìnkùlé wa, gbogbo ibẹ̀ mọ́ tónítóní bí ẹni pé a kò ṣe gàrí níbẹ̀ rí. Ó ní àyíká wa dára púpọ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdààmú bá mi. N kò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, tàbí kí n sáré lọ da pàǹtí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó wọn yàrá tèmi, ó gbá ògiri wò, ó wo páànù, ó ní ó dára. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó kọjá sí apá àbúrò mi, tó rí fèrèsé onígíláàsì, tó rí àjà tí a fi pákó tó ń dán ṣe, ó dúró, ó ní ẹni tó kọ́ apá yìí mọ ohun tó ń ṣe. Mo ní bíríkìlà kan náà ló kọ́ méjèèjì, èmi ni mo sì dúró tì í láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Ó ní, "Hẹn," ó ń kọ̀wé lọ. Ọkàn mi gbóná. Lójú mi, oyè ló ń kọ sílẹ̀ fún àbúrò mi, oyè tí èmi fúnra mi yóò sì san owó rẹ̀, nítorí gbogbo ohun tó bá yìn lápá yẹn ń lé e sókè fún mi ni. Mo ń jowú apá náà, mo sì ń bẹ̀rù rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló jáde síwájú, ó rí táìlì funfun. Ó bi mí ẹni tó wà níbẹ̀, mo ní ìyá wa ni. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó ṣe àdúrà ráńpẹ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. Nígbà tó wọ bàtà padà, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyá, ṣé ẹ lè gbé wọn lọ síbòmíràn?"

Mo ní, "A kì í hú ìyá ẹni nítorí owó báńkì."

"Ẹ má bínú, ó yẹ kí n bi yín ni. Bí ẹ kò bá rí owó san, ilé ni báńkì yóò tà, ilé tí sàárè wà níwájú rẹ̀ kò sì rọrùn fún báńkì láti tà. Iye apá yìí máa wálẹ̀ gan-an ni. Tiyín á jù ú lọ dáadáa."

Ọ̀rẹ́ mi, mo ti pẹ́ díẹ̀ láyé, n kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí. Tèmi jù ú lọ! Pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀, pẹ̀lú àjà rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ tí gbogbo àdúgbò fi ń pe ilé. Mo sin ọkùnrin náà dé ibi mọ́tò, mo ra ọsàn fún un. Nígbà tí mo padà délé ni ẹ̀rù tó bá mi. Bí báńkì bá tìtorí sàárè kọ gbogbo ilé ńkọ́? Bí àbúrò mi bá gbọ́, tó ní èmi ni mo fún ọkùnrin náà lówó kó já apá òun wálẹ̀ ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni mo fi dúró de èsì. Bí mo bá ń wọn aṣọ fún oníbàárà, mo máa ń gbàgbé ibi tí mo wọ̀n ọ́n dé, aṣọ tí mo fi tọrọ láìmọ̀ nígbà yẹn kò kéré.

Níkẹyìn wọ́n ránṣẹ́ sí mi láti Òṣogbo. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi jẹ́jẹ́. Wọ́n ní ilẹ̀ tí ìwé rẹ̀ wà lórúkọ mi nìkan ni àwọn yóò dì mú, àwọn kò ní fọwọ́ kan èyí tí sàárè wà lórí rẹ̀. Iye tí wọ́n dá lé tèmi dára. Iye tí wọ́n dá lé ti àbúrò mi kéré débi pé owó tí àwọn yóò yá mi lórí tèmi tó fi ra tirẹ̀. Mo ní kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n tún un sọ.

Nínú mọ́tò tí mo wọ̀ bọ̀, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo ń rò ó. Bí ó bá jẹ́ pé apá tèmi ni ìyá mi ní kí a sin àwọn sí, bí mo ti fẹ́ kí ó rí, apá tèmi ni ì bá wálẹ̀, báńkì kì bá wò mí lẹ́ẹ̀mejì, ti àbúrò mi ì bá sì ga kọjá agbára mi. Ohun tí mo ti ń fi jowú láti ọjọ́ yẹn ló ra ilé fún mi. N kò ní sọ fún ọ pé ìyá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn kò mọ báńkì, abẹ́ ìrọ̀rí ni wọ́n ń tọ́jú owó sí. Àmọ́ mo sunkún díẹ̀ nínú mọ́tò náà, mo sì sọ fún obìnrin tó jókòó tì mí pé eruku ló kó sí mi lójú.

Nígbà tí Iléyá dé, àbúrò mi dé. Mo jẹ́ kó jẹun tán kí n tó sọ ọ́ fún un, iye náà àti ohun tó fà á. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Gbogbo èsì tí n óò fọ̀ sí i bí ó bá fẹ̀sùn kàn mí, mo ti tò ó sẹ́nu. Kò fẹ̀sùn kàn mí. Ó dìde, ó jáde lọ sídìí sàárè, ó jókòó sí etí rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e. Ó ní òun yóò gbà á bẹ́ẹ̀. Mo ní kò lè ra ṣọ́ọ̀bù yẹn tán. Ó ní òun mọ̀, òun yóò ta mọ́tò òun kún un.

Inú tún bí mi, ṣé o gbà mí gbọ́? Mo rí bí àdúgbò yóò ti gbọ́ ọ, bí wọn yóò ti máa wí pé Ará Àbíjáàn fi ilé sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí ìyá wọn. Èmi ni mo rà á, òun ni wọn yóò yìn. Gbogbo ohun tó ti wà nínú mi láti ọjọ́ pípẹ́ wá sí ẹnu mi. Mo ní, "Ìwọ ni wọ́n fẹ́ máa rí. Èmi tí mo wà lọ́dọ̀ wọn lójoojúmọ́ ńkọ́?"

Kò wo ojú mi. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu eruku orí táìlì.

"Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ ní wọn láàyè. Mi ò bá ikú wọn, mi ò bá ìsìnkú wọn. Sàárè yìí nìkan ni wọ́n rí fi sílẹ̀ fún mi. Òun náà ni mo wá tà fún yín yìí."

Nínú gbogbo ohun tí mo ti tò sẹ́nu, kò sí èyí tó bá a mu. Ó wù mí kí n ní kó máa gbé e lọ, kó máa jẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń dúró dè é, èmi náà kò sì fẹ́ kí àjèjì sá aṣọ sórí ìyá mi. A jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun. Lọ́jọ́ kejì, a fọwọ́ sí ìwé níwájú ààfáà àti àwọn àgbà ilé wa, mo ka owó náà lé e lọ́wọ́, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi.

Mo ti san gbèsè báńkì tán tipẹ́. Ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi ń lọ dáadáa. Ilẹ̀ méjèèjì, òrùlé, ògiri, gbogbo rẹ̀ ló ti di tèmi, ìwé wọn wà nínú àpótí mi. Bí o bá sì bi mí bóyá owú náà tán, kò tán. Bí Iléyá bá dé, àbúrò mi á dé, á sùn sí yàrá tó ti jẹ́ tirẹ̀, n kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé inú rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, á gbé àga sídìí sàárè, á máa bá ìyá wa sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, Yorùbá díẹ̀, Faransé díẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi náà ti gbé àga lọ síbẹ̀ rí nígbà tí ilé dá. Mo sọ fún wọn pé òrùlé ń jò, pé ọmọ mi àgbà ti bímọ, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu mi. Ohun tí àwọn méjèèjì máa ń bá ara wọn sọ kò sí nínú ohun tí mo rà, ó sì pẹ́ kí n tó gbà pé kò lè sí níbẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ níta, n óò dúró díẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé, owú náà á gún mi bó ti ń gún mi tẹ́lẹ̀, n óò sì rọra pa fèrèsé dé, kí n má baà dí wọn lọ́wọ́.